Màjàlà Tó Bọ́ Sórí Gbodo

Ọkùnrin kan wà ní Ìdó-Àpáta láyé àtijọ́ tí ń jẹ́ Ọdẹ́tọ́lá. Àgbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Orí ìdúró ló ti ń jẹun. Bí wọ́n bá pe ìpàdé, yóò máa lọ yóò máa bọ̀ lẹ́yìn àwọn tó jókòó, títí tí wọn yóò fi bẹ̀ ẹ́ pé kó yé fi ẹsẹ̀ da ọ̀rọ̀ rú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ajẹun-lórí-ìdúró, òun náà sì ń dá wọn lóhùn. Iṣu tí ó bá gbìn lónìí, bí kì í bá ṣe pé ojú ń tì í ni, ìbá hú u wò lọ́la bóyá ó ti ta.

Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò jọ ọ́ rárá. Ìlú Etí-Òré, ìrìn ọjọ́ méjì sí Ìdó-Àpáta, ni wọ́n ti gbé e wá. Ẹní híhun ni iṣẹ́ ilé wọn, ẹni tí kò bá sì ní sùúrù kò lè hun ẹní. Àwọn obìnrin Etí-Òré ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà hun tiwọn. Wọ́n á fi koríko òré mẹ́ta kọjá lórí mẹ́ta, wọ́n á wá fi ẹyọ kan ṣoṣo là á níbùú, tí ojú ẹní náà yóò fi rí bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ní gbogbo Ìdó-Àpáta, kò sí ọwọ́ mìíràn tó mọ̀ ọ́n hun bẹ́ẹ̀ àfi ọwọ́ Àmọ̀kẹ́.

Ohun tó gbé orúkọ ìlú náà jáde ni àpáta ńlá kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn ilé. Orí àpáta yìí ni àwọn obìnrin ń sá gbodo sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n á bó iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, wọ́n á tò ó síbẹ̀ kí oòrùn gbẹ ẹ́ kó tó di èlùbọ́. Gbodo ni ìlú ń jẹ nígbà tí iṣu bá tán nínú àká, òun náà ni àwọn obìnrin fi ń ṣòwò. Àyè orí àpáta kò sì pọ̀. Ìyá ló ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, ìyakọ ló ń fi í sílẹ̀ fún ìyàwó ilé. Ìyakọ Àmọ̀kẹ́ ti kú kí ó tó wọlé ọkọ, àjòjì sì ni òun fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi sá gbodo tirẹ̀ sí ìdí ògiri, tí ewúrẹ́ ń bá a jẹ ìdajì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn tí mò ń sọ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un láyè, ibi tí kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ, ní etí àpáta níhà ìwọ̀-oòrùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi hàn án, ó gbá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì sunkún ayọ̀.

Olórí àwọn obìnrin orí àpáta ni arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìdẹ̀ra. Ọwọ́ rẹ̀ ni òfin iná wà. Nítorí gbodo tó wà níta, àti nítorí koríko tí wọ́n fi bo gbogbo ilé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun pàǹtí tàbí oko etílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láìgba ẹnu Ìyá Ìdẹ̀ra. Bí o bá lọ bá a, yóò wá wo ibi tí o fẹ́ sun, yóò wo afẹ́fẹ́, yóò ní kí o ro ilẹ̀ yí pàǹtí náà ká ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá títí yóò fi mọ́ kanlẹ̀. Ìgbà tí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ni yóò tó fún ọ ní igbá kan. Ìwọ yóò pọn omi kún igbá náà, yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ títí o ó fi sun ún tán. Nígbà tí iná bá kú, ìwọ yóò bu eérú sínú igbá yẹn kan náà, ìwọ yóò gbé e padà fún un. Ìyá Ìdẹ̀ra yóò ki ọwọ́ bọ eérú náà dé ọrùn ọwọ́. Bí ó bá tutù, ó parí. Bí kò bá tutù, iná rẹ kò tíì kú, padà lọ pa á. Ilé tí wọ́n bá ti dáná láìgba igbá, ilé náà yóò kúrò lórí àpáta fún ọdún mẹ́ta.

Àwọn ọkùnrin kan máa ń kùn pé báwo ni obìnrin yóò ṣe máa sọ ìgbà tí ọkùnrin yóò sun pàǹtí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Wọ́n ń kùn ni, wọ́n sì ń gba igbá. Ẹni tí yóò jẹ èlùbọ́ lọ́la kò níí bá àwọn tó ń sá gbodo lónìí jà.

Ní ẹ̀yìnkùlé Ọdẹ́tọ́lá, nínú oko etílé rẹ̀, òkìtì pàǹtí kan wà tó ga tó ejìká ènìyàn. Ìtàkùn iṣu wà níbẹ̀, poroporo àgbàdo wà níbẹ̀, àti koríko tí ó tú kúrò lórí ilé nígbà tó ń tún un bò. Ẹní tí Àmọ̀kẹ́ gbé wá sílé ọkọ náà wà níbẹ̀, torí ó ti gbó, ìkán sì ti ba etí rẹ̀ jẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àmọ̀kẹ́ ń gbálẹ̀, ó rí ejò dúdú kan tó nípọn tó ọrùn ọwọ́. Ó rọra wọ́ kọjá níwájú rẹ̀, ó wọ abẹ́ òkìtì náà lọ. Ọmọbìnrin wọn, Àwẹ̀ró, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn, ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń ṣeré.

Ọdẹ́tọ́lá kò dúró fọ ojú. Ó gba ọ̀nà ilé Ìyá Ìdẹ̀ra lọ.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Jókòó."

"Ìyá, ìjókòó kọ́ ló kàn. Sèbé wọ inú pàǹtí mi. Ẹ fún mi nígbá, kí n sun ún láàárọ̀ yìí."

Ìyá Ìdẹ̀ra gbé ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ lé e débẹ̀. Ó wo òkìtì náà. Ó wo àká iṣu Bàbá Gbádébọ̀ aládùúgbò tó wà lódìkejì ọgbà, tí kò ju ìgbésẹ̀ ogún lọ. Ó wo àwọn ewé gbígbẹ tó bo ilẹ̀ láàárín méjèèjì. Ó wá bu erùpẹ̀ díẹ̀, ó da á sílẹ̀, erùpẹ̀ náà fẹ́ sọ́tùn-ún, ó tún fẹ́ sósì.

"Ọyẹ́ ń fẹ́, kò sì ní ojú kan," ló wí. "Gbodo ogójì obìnrin wà níta. Ní ọjọ́ mẹ́rin òní, a ó ti kó wọn wọlé, mo sì gbà pé afẹ́fẹ́ á ti rọlẹ̀. Ro ilẹ̀ yìí kó tó dìgbà náà. Màá fún ọ nígbá."

"Ọjọ́ mẹ́rin! Ìyá, ta ni yóò bá mi bẹ ejò kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin?"

"Gbé ọmọ náà wá sọ́dọ̀ mi. Kí ìyá rẹ̀ bá a wá. Ilé mi fẹ̀. Kí ìwọ náà máa fi ọ̀pá gígùn ti òkìtì yẹn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ejò kò fẹ́ràn ariwo, yóò wá ibòmíràn lọ."

Ìmọ̀ràn yìí dára, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí ara ń yún ni yóò gbọ́ pé kó má họ ọ́? Ọdẹ́tọ́lá ní ojú yóò ti òun bí wọ́n bá gbọ́ pé ejò lé ìyàwó àti ọmọ òun kúrò nílé. Láti ìgbà náà, kò sinmi mọ́. Ó ń yí òkìtì náà ká. Ó lọ sí oko, kò kọ ebè mẹ́ta tó fi padà wá wò ó. Ó gbé oúnjẹ dání, ó gbé e kalẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Bí ewé bá mì, yóò fa àdá yọ. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Ìyá Ìdẹ̀ra lẹ́ẹ̀mejì, ìyá náà sì dá a lóhùn bákan náà nígbà méjèèjì.

Àmọ̀kẹ́ ń wò ó. Ó mọ ọkọ rẹ̀ bí ẹni mọ owó. Ó gbé Àwẹ̀ró pọ̀n, ó ní:

"Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná o. Ẹ mọ iye ọdún tí mo fi dúró de àyè orí àpáta yẹn."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ dáná?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mo kàn ń bẹ̀ yín ni. Bí wọ́n bá lé mi kúrò níbẹ̀, ìtìjú rẹ̀ yóò pa mí."

"Mo ti gbọ́," ni Ọdẹ́tọ́lá wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti wà níta kó tó sọ ọ́ tán.

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbọ́n ọgbọ́n kan. Èéfín nìkan ló ń bà á lẹ́rù, torí kò sẹ́ni tó lè fi igbá bo èéfín mọ́lẹ̀. Ó wá ronú pé ohun tó bá gbẹ dáadáa kì í rú èéfín. Ó fi ọ̀pá gígùn yọ gbogbo ewé tútù orí òkìtì náà sọ́tọ̀, ó ku kìkì èyí tó ti gbẹ kanrinkanrin. Ó tún ronú pé ọ̀sán gangan ló dára jù, nígbà tí oòrùn bá mú débi tí ènìyàn kò níí rí ahọ́n iná lókèèrè, tí àwọn ọkùnrin bá wà lóko, tí àwọn obìnrin bá sì wà lórí àpáta. Ó ju òwú díẹ̀ sókè, òwú náà gba ọ̀nà odò lọ, ó kọ ẹ̀yìn sí àpáta. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní èrò òun pé. Kò ro ilẹ̀, kò pọn omi, torí bí ó bá pọn omi ní ọ̀sán gangan, wọn yóò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Ó ki iná bọ̀ ọ́.

Kí a sòótọ́, kò rú èéfín. Òkìtì náà gbiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń jó pẹ̀lú ariwo. Ọdẹ́tọ́lá fa àdá yọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yí i ká, ó ń retí ejò. Ejò kò jáde. Iná kan ẹní àtijọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ yí padà lójijì. Ó gbá iná náà mú láti ìsàlẹ̀, ó gbé ẹní náà sókè bí ẹni gbé aṣọ, ó já a wẹ́lẹwẹ̀lẹ lójú ọ̀run. Àwọn ohun dúdú wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fò kọjá lórí òrùlé, wọ́n ń lọ síhà àpáta. Ọdẹ́tọ́lá kò rí wọn. Ilẹ̀ ló ń wò, kò wo òkè.

Iná náà jó tán kíákíá. Ó wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó, ó kó àwọn ewé tútù tó yọ sọ́tọ̀ lé e lórí, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó wẹ̀, ó pa aṣọ dà. Ó wá lọ sí iwájú ilé rẹ̀ kí ó lè dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, ó sì jókòó.

Ẹ̀yin náà, ẹ wò ó. Ẹni tí kò jókòó láti ìgbà tí wọ́n ti bí i! Obìnrin méjì tó kọjá lọ sódò dúró, wọ́n wò ó, wọ́n wo ara wọn.

"Ọdẹ́tọ́lá, ṣé ara le?"

"Ara le. Mo kàn jókòó ni."

Lórí àpáta, obìnrin kan tó ń yí gbodo rẹ̀ padà ló kọ́kọ́ rí ohun dúdú kan lára rẹ̀. Ó rò pé eṣinṣin ni. Ó fi ọwọ́ gbá a, ó fọ́ mọ́ gbodo náà, ó sì yí i dúdú. Kó tó gbé ojú sókè, òmíràn ti bọ́, òmíràn tún bọ́. Kò pẹ́ tí igbe fi ta lórí àpáta látòkè délẹ̀. Màjàlà ń já bọ́ lórí gbodo funfun ogójì obìnrin, kò sì sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ gbà á.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Ìyá Ìdẹ̀ra ránṣẹ́ pe gbogbo ilé sórí àpáta, tọkùnrin tobìnrin. Bàbá Gbádébọ̀ nìkan ni kò wá, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Yàrá tó fara ti àká iṣu rẹ̀ ló ti ń sùn.

"Ẹnì kan dáná lónìí láìgba igbá," ni Ìyá Ìdẹ̀ra wí. "Kó jáde. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a fẹnu ara wa jẹ́wọ́ kì í wúwo tó èyí tí wọ́n ká mọ́ni lọ́wọ́."

Kò sẹ́ni tó jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Ọdẹ́tọ́lá, gbogbo ojú yíjú sí i, torí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ejò.

"Èmi kọ́, Ìyá. Ẹ ní kí n dúró, mo sì ń dúró. Bí mo bá dáná ni, ta ló rí èéfín rẹ̀?"

Òótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò rí èéfín. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìyá Ìdẹ̀ra kò bá a jiyàn. Ó ṣí ọmọrí igbá kan tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Màjàlà kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ló wà nínú rẹ̀, èyí tó bọ́ sórí gbodo tirẹ̀ láìfọ́. Dúdú ni látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n ojú híhun rẹ̀ ṣì hàn ketekete: mẹ́ta lórí mẹ́ta, ẹyọ kan níbùú, bí ẹ̀yìn ìjàpá.

Kò sí obìnrin tó wò ó tí kò yíjú sí Àmọ̀kẹ́.

"Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án," ni obìnrin kan wí. "Ó ní òun ń lọ mu omi."

Àmọ̀kẹ́ súnmọ́ igbá náà.

"Ẹní mi ni, Ìyá. Èmi ni mo hun ún. Òun ni mo gbé wá sílé ọkọ."

"Ṣé ìwọ lo sun ún?"

Àmọ̀kẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró kó gbé ojú sókè. Kò gbé e.

"Ilé mi ni iná náà ti wá," ni Àmọ̀kẹ́ wí. "N kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn."

"O mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá."

Ó lọ sí etí àpáta níhà ìwọ̀-oòrùn, ó sọ ọmọ kalẹ̀, ó mú agbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó gbodo rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Gbodo tó ti ń gbẹ a máa dún bí ó bá bọ́ sínú agbọ̀n. Ó ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ènìyàn sì ń gbọ́ ọ. Àánú Àmọ̀kẹ́ ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Àwẹ̀ró rò pé eré ni. Òun náà mú gbodo kan lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń tàgétàgé bọ̀, kò gbé e fún ìyá rẹ̀. Ó gbé e lọ bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, gbà."

Ọdẹ́tọ́lá gbà á. Màjàlà tó wà lára gbodo náà ta sí i lọ́wọ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì ki eré mọ́lẹ̀.

"Ó ń sá lọ o!" làwọn ènìyàn kígbe. "Ẹ mú un!"

Kì í ṣe pé ó sá. Kí wọ́n tó pinnu ẹni tí yóò lé e, ó ti ń sáré bọ̀ padà, ó gbé igbá tí Àmọ̀kẹ́ fi ń bu omi nílé dání. Eérú kún inú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ìdẹ̀ra, àwọn tí kò rí i kó jókòó rí sì rí i lórí ìkúnlẹ̀.

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ má jẹ́ kó kó gbodo náà mọ́. Èmi ni mo dáná. Mo purọ́ níwájú yín, mo sì ń wòran nígbà tí ìyàwó mi ń ru ẹrù tèmi. Ejò yẹn kò jẹ́ kí n rí ìsinmi. Èéfín nìkan ni mo ronú sí, n kò rántí màjàlà."

Ìyá Ìdẹ̀ra ṣe bí ó ti máa ń ṣe: ó ki ọwọ́ bọ eérú náà. Ó fà á yọ wàràwàrà.

"Ọdẹ́tọ́lá, ìgbà wo lo pa iná yìí?"

"Láti ọ̀sán, Ìyá."

"Kò kú."

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó ń lọ, gbogbo ìlú sáré ṣíwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé náà, òkìtì eérú dákẹ́ síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n iná ti gba abẹ́ ewé gbígbẹ lọ, kò rú èéfín, kò pariwo. Ó ti jó ìdí ọgbà Bàbá Gbádébọ̀, ó ti mú òpó kan lára àká iṣu, òpó náà sì ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú láti inú. Lẹ́yìn ògiri, baba arúgbó náà ń hanrun ní tirẹ̀. Àwọn obìnrin ń pọn omi, àwọn ọkùnrin ń gbẹ́ ilẹ̀, ẹni méjì wọlé, wọ́n gbé Bàbá Gbádébọ̀ jáde tòun ti ẹní rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," ni baba náà wí, ojú rẹ̀ kò tíì là tán, "ṣé ẹ fẹ́ lọ sin mí ni? N kò tíì kú o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sáré padà sídìí iná. Wọ́n pa iná náà tán. Ọdẹ́tọ́lá bu eérú sínú igbá nígbà mẹ́ta, Ìyá Ìdẹ̀ra sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà mẹ́ta, kó tó sọ pé ó ti tutù.

"Bí o bá dákẹ́ títí di òru," ló wí fún un, "òkú ni à bá máa gbé jáde."

Ọdẹ́tọ́lá sunkún lójú gbogbo ayé.

Wọ́n dá ẹjọ́ náà lórí àpáta láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Òfin ní kí ilé Ọdẹ́tọ́lá kúrò níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ìyá Ìdẹ̀ra ní ẹni tó gba igbá nìkan ló ń gbé eérú padà, ọkùnrin yìí kò sì gba igbá, síbẹ̀ ó gbé eérú wá fúnra rẹ̀, eérú yẹn ló sì gba ẹ̀mí là. Nítorí náà, Àmọ̀kẹ́ yóò wà ní àyè rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni yóò jìyà. Yóò fi ọ̀bẹ ha màjàlà kúrò lára gbodo ogójì obìnrin, kò sì gbọdọ̀ dìde lórí àpáta láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ títí yóò fi ha á tán.

Ẹ̀rín sọ. Ká ní wọ́n ní kó kọ igba ebè ni, ìbá sàn fún un. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ọdẹ́tọ́lá fi jókòó sójú kan. Lọ́jọ́ kìíní, itan rẹ̀ ń mì, ó ń wo ọ̀nà oko bí ẹni ebi ń pa. Lọ́jọ́ kẹta, Àmọ̀kẹ́, tí kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà, wá jókòó tì í, ó mú ọ̀bẹ kan, ó ń bá a ha á.

"O ti dárí jì mí?" ni Ọdẹ́tọ́lá bi í.

"Ẹ ṣì máa ha á ná," ni Àmọ̀kẹ́ wí.

Ní ti ejò, òótọ́ ọ̀rọ̀ kan kù. Lọ́jọ́ kẹfà, Àmọ̀kẹ́ fi ọmọ odó pa á ní ìdí ìkòkò omi, nínú ilé wọn, kò ju apá kan lọ sí ibi tí Àwẹ̀ró ń sùn. Iná tí Ọdẹ́tọ́lá dá láti lé e jìnnà sí ọmọ náà ló lé e wọlé tọ̀ ọ́ wá. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un lórí àpáta, kò fò dìde. Ó kàn mi orí, ó sì mú gbodo mìíràn.

Àwọn tó ń lọ sóko láàárọ̀ kò jẹ́ kó gbádùn. Wọn á dúró, wọn á ní, "Ajẹun-lórí-ìdúró, o mà ti mọ̀ ọ́n jókòó! Èéfín kò rú, aládùúgbò kò rí ọ, ìyàwó rẹ kò sọ̀rọ̀. Ta ló wá ṣòfófó rẹ?" Nígbà tó yá, ó gbé gbodo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tọ́ka sí ohun dúdú ara rẹ̀, ó sì fún wọn lésì. Wọ́n gbé èsì náà dé oko, wọ́n gbé e dé ọjà, títí ó fi bọ́ sẹ́nu àwọn àgbà, tó fi jẹ́ pé títí di òní, bí wọ́n bá rí ẹni tó ṣe nǹkan níkọ̀kọ̀ tó sì rò pé ó ti bò ó mọ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ń wí fún un ni pé: bí iná bá jó oko, màjàlà a ṣòfófó.